Àwọn Tí Òye Wọn Ń Falẹ̀, àti Àwọn Tó Gbà Mí Lálejò ní Èkìtì

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ ń bi mí láti ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti dé pé kí ni mo lọ ṣe ní Èkìtì tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní ọkọ ni mo lọ fẹ́. Àwọn mìíràn ní mo ṣẹ ọ̀gá mi ni wọ́n fi gbé mi lọ sí ìlú òkè. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ni mo bá lọ, àwọn tí mo sì bá níbẹ̀ ṣe mí lóore tí n kò rò tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí òye wọn ń falẹ̀, àwọn tí ara wọn ń dàgbà ṣùgbọ́n tí ọgbọ́n orí wọn kò bá ara rìn, tí àwọn aláìláàánú ń pè ní dìndìnrìn. Nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì ṣì wà. Àkúrẹ́ ni ìpè ti wá, pé àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú irú àwọn èèyàn wọ̀nyí nígbà tí ara wọn kò bá yá. Nítorí wọ́n ń ṣàìsàn bíi tiwa. Ibà ń mú wọn, eyín ń dùn wọ́n, inú ń run wọ́n. Àwọn àgbà ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni. Ẹni tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu ńkọ́? Ohun tí mo lọ kọ́ wọn nìyẹn.

Èfọ̀n

Àwa tí a dàgbà lábẹ́ Olúmọ máa ń rò pé a mọ òkè. Nígbà tí ọkọ̀ wa kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Èfọ̀n, mo rí i pé n kò tíì rí òkè rí. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, òmíràn tún dúró níwájú bí ẹni pé ọ̀nà ti parí. Ìkùukùu bo orí wọn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rí bí mo ṣe di àga níwájú mi mú, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Òkè yìí kò lé ẹnikẹ́ni padà rí."

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ń sun nǹkan lójú iná lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ sì fà mí. Mo kí i, mo bi í pé kí ló ń sun.

Ó ní, "Uṣu ni."

Mo tún bi í. Ó tún ní, "Uṣu." Mo rò pé oúnjẹ kan tí a kò ní lọ́dọ̀ wa ni, àfi ìgbà tó ha èèpo rẹ̀ kúrò tí funfun rẹ̀ yọ, mo rí i pé iṣu lásán ni. Èmi àti ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó bu epo sí i, ó fi ewé gbé e fún mi, ó sì kọ̀ láti gbowó. Ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí n kò gbọ́. Ọkùnrin tí a jọ wọkọ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní ẹni tí kò mọ orúkọ iṣu lọ́dọ̀ wọn, òun kò lè tà á fún un, àfi kí òun fi ta á lọ́rẹ.

Mo dúró níbẹ̀, mo jẹ iṣu gbígbóná nínú òtútù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Yorùbá tí mo ń sọ láti kékeré kò ní tó mi lò. Bí mo bá lanu, wọ́n á ti mọ̀ pé àlejò ni. Bí àwọn náà bá lanu, ìdajì ni mo ń gbọ́. Mo wá ń ronú nípa àwọn tí mo ń tọ́jú, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ gbogbo ayé nìyẹn, ìdajì ìdajì.

Aramọko

Gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Aramọko ni a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wá láti ìlú gbogbo tó yí ibẹ̀ ká, wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n ti lọ̀ tó ń dán. Wọ́n dìde kí mi, wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n gbé àga tó ní tìmùtìmù fún mi. Ìwà wọn kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo rí i pé wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ gbọ́ mi ni, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ìwàásù ọjọ́ tí ebi ń pa á.

Ọ̀kan nínú wọn ló sọ tinú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjerò. Ó jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí ojú rẹ̀ le, tí gbogbo wọn sì ń bọ̀wọ̀ fún nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ní:

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn tí ara wọn ń gbóná máa ń kún ìta wa kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Oògùn kò tó. Ọwọ́ kò tó. Ẹni tó lè sọ ohun tó ń ṣe é, a kò tíì rójú gbọ́ tirẹ̀ tán. Báwo la ṣe fẹ́ rójú fún ẹni tí kò lè sọ ọ́, tó tún ń gbéni ṣánlẹ̀?"

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ló sọ. Mo dá a lóhùn pé bí a kò bá rójú fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a ó rójú fún un ní ọjọ́ tí kò ní ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àti ẹni tó gbà á gbọ́. Nígbà tí a pínyà lọ́jọ́ náà, ara mi kò yá gágá.

Ìjerò

Ní Ìjerò, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì kan náà ti tẹ̀lé mi wá fún ẹ̀kọ́, ilé Màmá Mátíróònù ni mo wọ̀ sí. Opó ni, obìnrin gíga tí kì í gbóhùn sókè. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tí Báyọ̀dé ti ń ṣiṣẹ́. Àsìkò kòkó ni, gbogbo iwájú ilé ni wọ́n sá kòkó sí. Òórùn rẹ̀ wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi, mo sì gbé e bọ̀ wálé. Àbúrò mi gbọ́ ọ lára àpótí mi, ó ní ṣé ọtí ni mo rù bọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí níbẹ̀, ìró odó ló jí mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣe àsè. Mo jáde, mo bá iyán lórí tábìlì, ó funfun, ó ń rú èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Mo bẹ Màmá Mátíróònù pé ẹ̀kọ díẹ̀ ni kí wọ́n wá fún mi, pé iyán ti wúwo jù fún òwúrọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

Ó ní, "Ìyá Ẹ̀gbá, ẹ jẹ èyí ná. N kò lè jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ mi níṣẹ́ fi ẹ̀kọ lásán jáde nílé mi."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀gbá. Mo jẹ iyán náà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, bí n kò bá gbọ́ ìró odó láàárọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Màmá yìí ló tún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà ṣe. Lẹ́yìn tó ti jókòó gbọ́ mi, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dára. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí kò sí nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n wá."

Ó rán èèyàn sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ó rán èèyàn sí mọ́ṣáláṣí, pé ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé kí ó mú un wá, ẹnikẹ́ni kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a retí nílé ìwòsàn, a kò rí ẹnì kan. Ìtìjú ni. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé a fẹ́ kó wọn lọ síbi tí wọn kò mọ̀. Nígbà tó yá, ìyá kan wọlé láti Ìpótì, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin àgbà kan mú gírígírí.

Ìbídùn

Ìbídùn lorúkọ ọmọ náà. Ó ti tó obìnrin tó yẹ kó wà nílé ọkọ, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ju ìwọ̀nba díẹ̀ tí ìyá rẹ̀ nìkan ń gbọ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣe oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, inú oko náà ni òun àti Ìbídùn sì jọ máa ń wà. Bí wọ́n ṣe wọlé, Ìbídùn rí gbogbo aṣọ funfun yẹn, ó figbe ta, ó lọ kó ara rẹ̀ jọ sí igun ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀, gbá, gbá, gbá.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti àsìkò ọ̀gbìn. Kò jẹun dáadáa mọ́. Mo ti mú un lọ sí ibi méjì, wọ́n ní bí irú wọn ṣe máa ń ṣe ni. Nígbà tó bá pọ̀ jù, mo máa ń fi ìborùn so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra."

Ọ̀dọ́bìnrin agbẹ̀bí kan mirí, ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Irú wọn a máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé, "Bí ìwọ bá ń gbá orí ara rẹ báyìí, tí o kò sì jẹun, kí ni a ó ṣe fún ọ?"

Ó ní, "Ẹ ó yẹ̀ mí wò."

Báyọ̀dé ni mo ń wò. Ó ti gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi í kọ́ ara ilẹ̀kùn, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó bi ìyá náà pé kí ni Ìbídùn fẹ́ràn láti máa ṣe. Ìyá ní kò sí ohun tó fẹ́ tó ẹ̀gúsí bíbó. Báyọ̀dé ní kí wọ́n bá òun wá ẹ̀gúsí. Ó jókòó sílẹ̀, kò sún mọ́ ọn jù, kò jìnnà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Kò wo ojú rẹ̀ rárá.

Ẹ ò bá rí bí àwọn yòókù ṣe dúró. Ẹni kan kò rìn. Ó pẹ́ kí Ìbídùn tó na ọwọ́ mú ẹyọ kan, ó bó o, ó sọ ọ́ sínú àwo. Báyọ̀dé ń bó, òun náà ń bó. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí Báyọ̀dé tó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ń wo inú etí, tó fi sí etí ara rẹ̀, tó fi sí etí ìyá, tó sì fi lé Ìbídùn lọ́wọ́ kó fi ṣeré. Nígbà tó gbà á padà tó sì na ọwọ́ sí etí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí Ìbídùn ń gbá, ọmọ náà gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sá.

Báyọ̀dé wò ó. Ó ṣí gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀yìn etí náà ti wú, ó pọ́n, òórùn ọyún sì jáde.

Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Mà, etí ló ń dùn ún. Látọjọ́ yìí, etí ló ń dùn ún."

Ìyá Ìbídùn kò sunkún. Ó wo ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó tú u kúrò, ó ká a sínú àpò rẹ̀. N kò rí i kó tún lò ó mọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Dókítà tó máa ń wá wo àwọn aláìsàn wa dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ni. Ó ní àfi kí òun la ibi tó wú náà kí ọyún tó wọnú orí, bí ọyún bá sì wọnú orí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ara Ìbídùn ti ń gbóná ju ti àná lọ. Dókítà ní kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì í mú fún abẹ́rẹ́ amúnisùn.

Báyọ̀dé ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

Dókítà ní, "Ọyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Àwọn méjèèjì wá ń wò mí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀rù bà mí. Bí a bá fi falẹ̀, ó lè kú. Bí a bá sì fi agbára dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kò tún ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ egbò yẹn ní láti máa gba fífọ̀ lójoojúmọ́. Ikú ń bẹ lọ́nà ìhín, ó ń bẹ lọ́nà ọ̀hún. Mo ní kí dókítà jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn ohun èlò rẹ̀ kaná kí wọ́n hó. Títí wọ́n á fi hó tán, àkókò Báyọ̀dé ni. Bí wọ́n bá hó tán tí kò tíì gbà, kí a dì í mú. Dókítà ronú, ó gbà.

Báyọ̀dé mú ike abẹ́rẹ́ tí kò ní irin lẹ́nu, ó fún Ìbídùn. Ó na apá ara rẹ̀ sí i. Ìbídùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lápá. Báyọ̀dé ní, "Ó dùn mí díẹ̀," ó fi ọwọ́ ra á. Ìyá rẹ̀ na apá, Ìbídùn fún òun náà. Èmi náà na apá. Gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì, lọ́kọ̀ọ̀kan, wá na apá, àwọn tó jẹ́ pé ní Aramọko wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ gbọ́ mi lásán. Omi ń hó lórí iná. Ìbídùn gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú àwo ẹ̀gúsí, ọwọ́ kejì wà lọ́wọ́ Báyọ̀dé. Báyọ̀dé sọ fún un pé ní báyìí, tòótọ́ ló kàn, ó máa dùn ún. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ náà.

Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo Báyọ̀dé. Báyọ̀dé kò sọ pé kò dùn ún. Ó ní, "Mo mọ̀. Ó dùn. Pẹ̀lẹ́." Oorun gbé e lọ.

Ọyún tó jáde níbẹ̀, n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìyá rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fọ egbò náà lójoojúmọ́, ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ jókòó bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí pọ̀ nílé ìwòsàn náà débi pé òun ni a ń jẹ lálẹ́, òun ni à ń jẹ láàárọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wọlé, mo bá Ìbídùn tó ń jẹ iyán. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó na àwo sí ìyá rẹ̀ pé kó fi kún un.

Ìyá rẹ̀ wò mí láti ibi tó jókòó. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀gbá, mo ti gbàgbé pé bó ṣe máa ń jẹun nìyí."

Òkè-Ìmẹ̀sí

Òkè-Ìmẹ̀sí ni ibùdó ìkẹyìn mi, ìlú Báyọ̀dé fúnra rẹ̀, tí òkè yí ká bí ìgbà tí a bá fi ọwọ́ méjèèjì bo iná. Èmi ló yẹ kí n kọ́ wọn níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn mi ti há nítorí òtútù, Báyọ̀dé sì ní kí n jókòó, òun yóò bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró.

Àwọn nọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ló wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Ìbídùn ti rìn ṣáájú wa láti oko dé oko. Àwọn ìyá wá, bàbá àgbà kan wá pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀, àwọn oníṣòwò láti Ọ̀ṣun tí wọ́n ti di ará ìlú wá. Àwọn èèyàn dúró lójú fèrèsé. Báyọ̀dé kò fi Yorùbá ìwé sọ̀rọ̀. Èdè ilé wọn ló fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbọ́ "ulé", mo gbọ́ "uṣẹ́", mo gbọ́ orúkọ Ìbídùn, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ré mi kọjá. Mo rí i tó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, tó fi kọ́ ara ilẹ̀kùn. Mo rí i tó ń gbá orí ara rẹ̀, tó sì ń bi wọ́n léèrè, gbogbo wọn sì jọ ń dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi rí, torí pé ọwọ́ àlejò kọ́ ni èèyàn ti ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, inú mi sì dùn ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ lọ. Mo ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Mátíróònù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó bi mí ní ìbéèrè líle ní Aramọko, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó borí ìtìjú tó wá láti Ìpótì.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí n kò mọ̀ rí. Ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan sí itan, ojú ọmọ náà rí pẹlẹbẹ, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀, irú ọmọ tí mo ti tọ́jú púpọ̀. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ìyá yìí ti ń fẹ́ nawọ́ tó sì ń ká a padà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, ó dìde. Ó wò mí, ó sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́, ó sì gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó la àárín àwọn èèyàn kọjá lọ síwájú.

N kò mọ ohun tó béèrè. Mo rí i pé Báyọ̀dé fà sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí sí i, kò yára dá a lóhùn. Ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi láyà, ó mú ìka mi kan dání, ó sì sùn.